Ìyá Ẹja àti Kóró Ìbẹ́pẹ

Gbogbo Agboyi ló ń pe Kàdíjátù ní Ìyá Ẹja. Orúkọ náà dùn lẹ́nu àwọn tó ń pè é, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹnì kan nínú wọn jókòó rí kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó dùn létí obìnrin tí wọ́n fi ń pè. Obìnrin tí kò tíì gbọ́mọ pọ̀n rí, kí ẹ wá máa pariwo Ìyá mọ́ ọn láti etí odò títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀! Kò kúkú sí ìkà nínú rẹ̀, mo gbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ẹja àrọ̀ ló ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja káàkiri Alápẹ̀rẹ̀ àti Ikosi, títí dé ẹ̀yìnkùlé àwọn olówó ní Magodo, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń gbẹ̀bí àwọn ẹja náà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń tẹ ikùn abo kí ẹyin lè jáde. Ọwọ́ kan náà ló fi ń po ẹyin yẹn mọ́ omi àtọ̀ akọ, á tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n tín-ín-rín nínú omi, á sì jókòó tì í títí ọmọ yóò fi bẹ́ síta.

Ilé wọn kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò bọ̀ láti Ketu ti ń gúnlẹ̀. Ràímì, ọkọ rẹ̀, ní ọkọ̀ tí òun àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ fi ń wa yanrìn nínú Odò Ògùn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í lù ú, kì í bú u. Bí ó bá dé láti ibi iṣẹ́ tó sì bá a níbi tó ti ń fọ táńkì ẹja, á bọ́ ẹ̀wù, á gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọkọ burúkú ló fẹ́. Ọkọ burúkú ì bá rọrùn fún un ju ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni wọn kò ní nínú ilé náà. Ní ọdún tí wọ́n ṣègbéyàwó, Kàdíjátù lóyún. Oyún ti yọ síta, Màríyámọ̀ tó jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, ti ra fìlà ìkókó pamọ́, kí oyún náà tó bàjẹ́. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ ara wọn lẹ́kún, wọ́n ní òmíràn ń bọ̀ lọ́nà. Òmíràn kò dé. Ọdún ń gorí ọdún, òmíràn kò dé.

Kàdíjátù lọ sí ọsibítù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe é, kí ó mú ọkọ rẹ̀ dání bí ó bá tún ń bọ̀. Ràímì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yìn, kọ̀ jálẹ̀.

“Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn? Àbí èmi kọ́ ni mo fún ẹ lóyún àkọ́kọ́?”

Ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin báyìí máa ń bí mi nínú. Wọ́n á mùwẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò níbi tí ojú kò tó ìka ọwọ́ lọ wa yanrìn, ẹ̀rù kò ní bà wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n wọ yàrá dókítà, ẹsẹ̀ wọn á wúwo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa oúnjẹ ẹja, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Oúnjẹ inú àpò tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun ti kọjá ohun tí ọwọ́ àwọn ẹlẹ́ja kéékèèké lè tó, kálukú sì ti ń po tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti Kàdíjátù yàtọ̀, nítorí pé obìnrin náà ní sùúrù. Á yan sóyà dáadáa títí òórùn tútù yóò fi kúrò lára rẹ̀, torí pé sóyà tí a kò yan kì í jẹ́ kí ẹja tètè dàgbà. Á gún kúlíkúlí, á da èérí àgbàdo pọ̀ mọ́ ọn, á fi láfún dì í kí ó má baà tú sínú omi. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ewé sí i. Ewé mọ̀ríńgà gbígbẹ, ááyù díẹ̀, atalẹ̀ díẹ̀. Ó ní ẹja tó bá ń jẹ ewé kì í dédé dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹja rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i.

Níbi ìpàdé àwọn ẹlẹ́ja tí wọ́n ṣe ní Ikosi, kò pẹ́ lẹ́yìn tí oyún rẹ̀ bàjẹ́, ni ó ti gbọ́ nípa kóró ìbẹ́pẹ. Àwọn tó wá dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n da díẹ̀ mọ́ oúnjẹ ẹja, pé yóò lé aràn inú ẹja dànù, oúnjẹ yóò sì máa ṣe ara wọn lóore. Inú Kàdíjátù dùn. Ohun tí wọ́n ń dà nù ni lọ́jà Mile 12! Àwọn obìnrin tó ń gé ìbẹ́pẹ sínú ike tà níbẹ̀ kàn ń fi ṣíbí ha kóró rẹ̀ sí ojú gọ́tà ni. Ó gbé garawa sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń dà á sí i fún un, ó ń rù ú wálé, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń sá a sórí páànù. Bí oòrùn bá mú un, òórùn bí òórùn ata á gba gbogbo àdúgbò, àwọn ará ilé kejì á máa sín. Ẹja tó jẹ ẹ́ sanra, ara wọn ń dán. Àwọn tó ń sun ẹja tà ní Ketu ń wá a wá láti ìkọjá odò.

Lásìkò yẹn, inú ń yọ Ràímì lẹ́nu. Ẹni tó bá ń mùwẹ̀ nínú omi yẹn lójoojúmọ́ kò lè ṣe kí ó má gbé e mì, omi náà kì í sì í ṣe omi tó yẹ kí ènìyàn gbé mì. Inú rẹ̀ á máa kùn láàárọ̀, á máa lọ á máa bọ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ojú rẹ̀ á jìn. Ó lo oògùn kẹ́míìsì títí, bí àìsàn náà bá lọ, á tún padà. Kàdíjátù rò ó. Ọkọ òun àti ẹja òun, omi kan náà ni wọ́n ń mu. Ohun tó lé aràn fún ẹja kò ní ṣàì lé e fún ènìyàn. Ó bu ìyẹ̀fun kóró ìbẹ́pẹ sínú agolo tó mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ṣíbí méjì sínú ẹ̀kọ gbígbóná tí Ràímì ń mu láràárọ̀.

Inú náà san. Ó san pátápátá. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ràímì ti ń lu àyà fún àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun mọ oògùn ju ọsibítù lọ. Láti ìgbà náà, kò mu ẹ̀kọ rí láìsí i. Ìfẹ́ ni Kàdíjátù fi ṣe é. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún yìí ni Màríyámọ̀ pè é síta, wọ́n jókòó lórí àga gbọọrọ tó wà lábẹ́ òrùlé iwájú ilé.

“Kàdí, mi ò bá ẹ jà. O ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n Ràímì nìkan ni Ọlọ́run fún mi. Mo ti bá a tọrọ ìyàwó ní Ìsẹ́yìn. Ràhmát lorúkọ ọmọ náà, ọmọ dáadáa ni, ó ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ parí. Kí odò tó kún la fẹ́ kó dé.”

“Ṣé wọ́n mọ̀, Mọ́mì?” Ràímì ló ní lọ́kàn.

“Òun ló ní kí n sọ fún ẹ.”

Ìyẹn ló dùn ún jù. Ràímì kò lè wo ojú rẹ̀ sọ ọ́. Ó dìde, ó lọ bọ́ ẹja. Bí ó ṣe ń fọ́n oúnjẹ sínú omi tí àwọn ẹja ń ja ìjàkadì lé e lórí, omijé ń bọ́ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí i.

Àárín àkókò yìí gan-an ni ẹja rẹ̀ dáwọ́ ọmọ bíbí dúró.

Tẹ́lẹ̀, Kàdíjátù máa ń ya oúnjẹ àwọn akọ àti abo tó fi ń gba ọmọ sọ́tọ̀. Lọ́dún yìí, bí nǹkan ṣe le sí i, ó rò ó pé kí ló dé tí òun ń po oúnjẹ lọ́nà méjì, ó sì ń fún gbogbo wọn lóúnjẹ kan náà. Nígbà tí àsìkò ìbímọ tó, ó gún abo lábẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin gbó bí ó ṣe máa ń ṣe, ó pa akọ, nítorí pé akọ ẹja àrọ̀ kì í fi àtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fúnni láìjẹ́ pé a là á nínú. Àpò àtọ̀ tó rí níbẹ̀ tín-ín-rín. Ó rò pé bóyá ẹja náà kò tíì dàgbà tó. Ó po ó mọ́ ẹyin, ó tẹ́ ẹ sínú omi, ó jókòó tì í.

Ẹyin tí yóò bá bímọ, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí oyin tí a fi omi là. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹyin Kàdíjátù ti funfun. Ó funfun báláú, olú sì ti ń hù lára rẹ̀ bí òwú. Omi náà ń rùn. Ó dà á nù, ó fọ abọ́, ó tún un ṣe pẹ̀lú abo mìíràn àti akọ mìíràn. Ó tún funfun. Ó ní omi ni, pé àwọn tó ń wa yanrìn ti da ẹrẹ̀ rú. Ó pọn omi kànga. Ó tún funfun. Ó ní abẹ́rẹ́ náà ni, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó wọkọ̀ lọ ra òmíràn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Funfun.

Àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé létí odò bíi Agboyi kí ọ̀rọ̀ yín má dé ìkọjá. Àwọn oníbàárà dé, wọ́n bá abọ́ lófìfo, wọ́n padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí Kàdíjátù ṣe ń da ẹyin tó bàjẹ́ sínú kòtò, ó gbọ́ ohùn Màríyámọ̀ níwájú ilé, ó ń bá obìnrin kan tó wá kí i sọ̀rọ̀.

“Àní ẹja ẹ̀ gan-an ò bímọ mọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ohunkóhun tó bá ti fọwọ́ kàn. Ẹ̀rù tiẹ̀ ti ń bà mí nínú ilé yìí.”

Kàdíjátù gbé abọ́ ẹyin náà sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí ti lè rí ohun tí òun kò rí. Ó rọrùn fún yín. Ẹ kò sí nínú ilé náà.

Ó ránṣẹ́ sí Fàsásì. Fàsásì ń sin ẹja ní Alápẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù ú lọ, ọ̀rọ̀ ẹja kò sì sú u rí. Ó gbé akọ ẹja kan wá nínú kẹ́ẹ̀gì láti inú adágún tirẹ̀. Ó ní kí Kàdíjátù tẹ ẹyin abo rẹ̀, kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n fi akọ tirẹ̀ po apá kan, kí wọ́n fi akọ Kàdíjátù po apá kejì. Wọ́n la àwọn akọ méjèèjì sórí pákó. Àpò àtọ̀ ti Fàsásì sanra, ó funfun bíi wàrà. Ti Kàdíjátù dà bí okùn ìránṣọ, omi lásán ló sì ń kán nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí Fàsásì padà wá, abọ́ tí wọ́n fi akọ tirẹ̀ po ti kún fọ́fọ́ fún ọmọ. Ìkejì ti funfun.

“Ẹyin ẹ ò ní wàhálà,” ni Fàsásì wí. “Akọ ẹ ni. Kí lò ń fún wọn jẹ?”

Kàdíjátù ka oúnjẹ náà fún un. Sóyà, kúlíkúlí, èérí, láfún, mọ̀ríńgà. Fàsásì ń mi orí pé ó dáa, ó dáa. Nígbà tó dé orí kóró ìbẹ́pẹ, ó dáwọ́ dúró.

“Kóró ìbẹ́pẹ kẹ̀? Ṣé àwọn tó máa bímọ náà lò ń fún?”

“Gbogbo wọn ni, Uncle. Ṣé ẹ rántí pé wọ́n ní ó ń lé aràn?”

“Ó ń lé aràn lóòótọ́. Ó ń lé ọmọ náà! Àwọn tó ń sin ẹja epìyà mọ̀ọ́mọ̀ ń fi í sínú fíìdì wọn ni, kí epìyà má baà bímọ kún adágún kó tó tóbi. Ẹja á sanra, ara ẹ̀ á máa dán, ṣùgbọ́n kò ní bí. Akọ ló sì máa ń tètè mú. Wọ́n sọ ọ́ nípàdé yẹn nígbà tó kù díẹ̀ ká parí. Ìwọ ti sáré lọ bá ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn.”

Òtítọ́ ni. Ará Agboyi tó bá pàdánù ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn, ìkọjá odò ni yóò sùn. Gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá ṣe lókè, àwọn ará Agboyi kì í gbọ́ ìparí rẹ̀.

“Tí ẹja bá ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́ ńkọ́?” Kàdíjátù bi í. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Tí èèyàn bá dá a dúró?”

“Á padà sípò. Kò pa nǹkan ọ̀hún kú, ó kàn tilẹ̀kùn mọ́ ọn ni. Fún wọn ní oṣù díẹ̀, wàá rí i.”

“Èèyàn ńkọ́, Uncle?”

Fàsásì bú sẹ́rìn-ín. “Èèyàn báwo? Mi ò mọ ti èèyàn o, ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n kọ́ mi. Ta ló máa jókòó máa jẹ kóró ìbẹ́pẹ?”

Kàdíjátù kò rẹ́rìn-ín. Ó dojú garawa dé, ó jókòó lé e, ó ní oòrùn ló ń pa òun. Fàsásì kó ọ̀bẹ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó dá oúnjẹ náà dúró fún ẹja lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ti Ràímì ni kò mọ bí òun yóò ṣe ṣe é. Dókítà kan kò sọ ọ́ fún un, ìwé kan kò sọ ọ́ fún un, bóyá ohun tó ń ṣe ẹja kò tilẹ̀ ṣe ènìyàn rárá. Ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí oyún wà. Ó mọ ìgbà tí ṣíbí méjì bẹ̀rẹ̀. Láàárín méjèèjì, kò rí ohun mìíràn.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bí ó bá sọ ọ́, Màríyámọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé e kígbe. Ó ti pẹ́ tí obìnrin yẹn ti ń wá ohun tí yóò pè é, Kàdíjátù fúnra rẹ̀ ni yóò wá fi orúkọ náà lé e lọ́wọ́: ìyàwó tó ń fi oògùn sínú ẹ̀kọ ọkọ rẹ̀ kó má baà bímọ. Ta ni yóò gbà pé ìfẹ́ ni? Bí kò bá sọ ọ́, tó kàn dákẹ́ tó sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ, oṣù díẹ̀ ni Fàsásì wí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ta ni yóò wà nínú yàrá Ràímì? Ràhmát ni yóò lóyún, gbogbo Agboyi yóò sì pàtẹ́wọ́ pé àwọn ti mọ ẹni tó yàgàn tẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì ń bá a lọ bí ó ṣe ń ṣe é...

Ó lé èrò yẹn kúrò lọ́kàn. Ó padà wá.

Kí Ràhmát tó dé, Kàdíjátù gbìyànjú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó gbìyànjú. Ràímì ń wẹ yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, Kàdíjátù sì ń da omi sí i lẹ́sẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi lórí oògùn inú yẹn ná.”

“Oògùn tó wò mí sàn? Kí ló dé?”

“Àwọn ẹja mi tó jẹ nínú ẹ̀...”

“Ṣé ẹja ni mí ni?” Ràímì rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ tútù kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. “Kàdí, mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n má fi oògùn mi jẹ mí níyà.”

Màríyámọ̀ yọjú láti ojú fèrèsé. “Ìyàwó tuntun ò tíì wọlé, wọ́n ti fẹ́ gba ohun tó ń mú ara ọmọ mi dá! A ti ń rí i o.”

Gbólóhùn kan péré ló kù tí ì bá sọ. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀ ní fèrèsé, ó sì gbé gbólóhùn náà mì, ó da omi tó kù sílẹ̀, ó wọlé.

Ọkọ̀ gbé Ràhmát dé ní ìrọ̀lẹ́, tòun ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Odò ti ń kún nígbà náà, omi pupa ti gun bèbè, àwọn pákó tí wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ sì ti léfòó. Kàdíjátù ti múra láti kórìíra rẹ̀. Kò rí i ṣe. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹ̀rù omi ń bà á, ó di ọwọ́ Kàdíjátù mú nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dénú ilé. Ó ń pè é ní Áńtí. Ó ní kí Kàdíjátù má jẹ́ kí wọ́n bá òun wí, pé òun kò tíì gbé ìlú olómi rí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Kàdíjátù ti pinnu. Ó gbé omi kaná, ó po ògì, ó sì fi agolo kóró ìbẹ́pẹ sílẹ̀ níbi tó wà lórí pẹpẹ. Ẹ̀kọ lásán ni yóò fún Ràímì. Ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kí ó ṣẹlẹ̀. Kí ọmọ ṣáà wọ ilé náà, ì báà ṣe láti ara ta ni. Ó gbà á tọkàntọkàn, mo lè búra fún un. Ó ń ro ẹ̀kọ náà, ó sì ń sunkún díẹ̀díẹ̀.

Ràhmát wọlé wá, ó kúnlẹ̀ kí i. Ìborí rẹ̀ tuntun. Lára rẹ̀ ni òórùn ọṣẹ ìwẹ̀ Ràímì wà.

Kàdíjátù mọ ọṣẹ náà. Òun ló rà á.

“Áńtí, ẹ jẹ́ n bá yín rò ó. Mọ́mì ní kí n wá kọ́ bí ẹ ṣe ń ṣe ẹ̀kọ wọn, pé láti òní lọ, èmi ni kí n máa gbé e fún wọn.”

Kàdíjátù fún un ní ọmọrogùn. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Láti inú yàrá ni ohùn Ràímì ti jáde, ohùn ẹni tó sùn dáadáa.

“Ẹ má gbàgbé oògùn mi níbẹ̀ o!”

Ràhmát yíjú padà. “Oògùn wo ni, Áńtí?”

Ẹ̀kọ ń ta pàtàpàtà lórí iná. Kàdíjátù lè sọ pé kò sí mọ́. Ó lè sọ pé ó ti tán. Gbogbo ohun tó pinnu láàárọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kò tíì lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n òórùn ọṣẹ náà kún yàrá ìdáná.

Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí i, ó fi ṣíbí lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

“Ṣíbí méjì,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. “Ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbóná. Tí wọn ò bá mu ún, inú á máa run wọ́n, wọn ò ní lè ṣiṣẹ́. Má fo ọjọ́ kankan o.”

“Mi ò ní fò ó, Áńtí.” Ràhmát bu ṣíbí méjì, ó fara balẹ̀ rò ó pọ̀ bí ẹni tó ń ṣe ohun mímọ́. “Ẹ ṣé, Áńtí. Ní Ìsẹ́yìn, gbogbo wọn ló ń dẹ́rù bà mí pé ẹ máa fojú mi rí màbo. Ọlọ́run á fọmọ ta wá lọ́rẹ, èmi pẹ̀lú yín.”

“Àmín,” ni Kàdíjátù wí.

Ràhmát gbé ife náà wọlé. Kàdíjátù gbọ́ bí ó ṣe kúnlẹ̀, ó gbọ́ bí Ràímì ṣe ń fẹ́ ẹ tó sì ń mu ún, ó gbọ́ bí ó ṣe ń yìn ín pé ó dùn bíi ti ìyáálé rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó lọ sídìí táńkì lọ fọ́n oúnjẹ fún àwọn ẹja. Oúnjẹ tó mọ́ ni, sóyà àti kúlíkúlí àti ewé, kò sí kóró ìbẹ́pẹ níbẹ̀. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, wọn yóò tún máa bímọ.

Nígbà tó padà wọlé, Ràhmát ń fọ ife, ó ń kọrin lábẹ́ ètè. Agolo náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ti ń tán lọ. Kàdíjátù gbé e, ó mì í wò létí.

“Múra,” ó ní. “Jẹ́ ká tètè bá ọkọ̀ lọ sí Mile 12, kí n mú ẹ mọ àwọn tó ń gé ìbẹ́pẹ.”